Kí Sòbìà Tó Dégbò: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹ̀rọ Tó Ń Fa Omi Kànga Ilé Wa

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń dáná lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa rédíò yín mọ́ra. Ọ̀rọ̀ omi la fẹ́ sọ lónìí, gbogbo wa la sì mọ̀ pé omi ò lọ́tàá.

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga tàbí bọ́hóòlù wá sínú tánkì. Báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Kí ló ń bà á jẹ́? Bó bá dákẹ́, kí la ó kọ́kọ́ wò ká tó náwó? Ìbéèrè mẹ́ta nìyẹn, a ó sì dáhùn wọn láìkánjú.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣé àwa ará Èkìtì tí dáàmù wà ní Ìtapàjí tún ní láti máa sọ̀rọ̀ kànga? Bẹ́ẹ̀ ni o. Wọ́n kọ́ dáàmù Ìtapàjí kí omi ẹ̀rọ lè dé Ìkọ̀lé àti àwọn ìlú tó yí i ká. Síbẹ̀, ẹ wo agboolé yín, kẹ́ ẹ wo ti aládùúgbò yín. Ẹ ó rí kànga níbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ rí bọ́hóòlù. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ti pọ̀ sí i, ẹni tó kọ́lé sì mọ̀ pé ìbéèrè omi ni ayálégbé máa ń kọ́kọ́ bi onílé. Omi inú ọgbà ẹni ni ọ̀pọ̀ wa ń mu, òun la fi ń wẹ̀, òun la fi ń ṣe gààrí. Ẹ̀rọ tó ń fà á wá fún wa kì í ṣe ohun afẹ́ rárá.

Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo bá sọ. Bí ẹ̀rọ omi bá kú, ẹ̀rọ náà kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣàìsàn. Nǹkan mẹ́ta ló ń pa á: omi, iná, páìpù. Mo tún un sọ: omi, iná, páìpù. Ẹni tó bá lọ ra ẹ̀rọ tuntun láìwádìí èyí tó pa ti tẹ́lẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfàìmọ̀ kí tuntun náà má gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó dégbò, olúgànbe là á ké sí. Ìtọ́jú tó bá yá, òun ló ń ṣe ni láǹfààní.

Ẹ jẹ́ ká fi omi ṣáájú. Ilẹ̀ wa ní Èkìtì, orí àpáta ló jókòó lé. Ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí òkè olókùúta. Omi tí a ń fà, inú erùpẹ̀ tó bo àpáta yẹn ló wà, àti inú ibi tí àpáta ti là nísàlẹ̀. Ìdí rèé tí kànga yín fi lè gbẹ lóṣù Kejì, tí ti aládùúgbò yín kò sì ní gbẹ. Nígbà òjò, omi á gòkè nínú kànga. Tó bá ti di oṣù Kọkànlá, tí òjò ti dáwọ́ dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, títí òjò ọdún tuntun á fi dé.

Kí ni ìyẹn wá kan ẹ̀rọ? Ó kàn án gidi. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wọ́pọ̀ láàárín wa. Ọ̀kan ń jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́bàá kànga, á na páìpù sínú omi. Èkejì, tí gbogbo wa mọ̀ sí sùmó, inú omi gan-an ló ń gbé. Ti orí ilẹ̀ yẹn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí omi bá ti fi nǹkan bíi mítà 7 tàbí 8 jìn sí ẹ̀rọ, kò lè fà á mọ́, bó ti wù kó lágbára tó. Kí ló fà á?

Nígbà tí ọmọdé bá fi páìpù tín-ín-rín mu mínírà nínú ìgò, afẹ́fẹ́ inú páìpù ló ń fà mu. Afẹ́fẹ́ tó wà lóde ló wá ń tẹ ojú mínírà náà, tó ń tì í gòkè sí ọmọ lẹ́nu. Bí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ojú omi nínú kànga ló ń ti omi gòkè wá bá a, agbára afẹ́fẹ́ yẹn sì ní ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Galileo, àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Ítálì, kọ ọ́ sínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1638 pé pọ́ǹpù kan wà tí omi kì í gòkè nínú rẹ̀ kọjá ibì kan, ohun yòówù kí wọ́n ṣe sí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Torricelli, tó ti bá Galileo ṣiṣẹ́, fi yé aráyé pé ìwúwo afẹ́fẹ́ ló ń pinnu rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ohun gbogbo pé, nǹkan bíi mítà 10 ni afẹ́fẹ́ lè ti omi dé. Páìpù tiwa kò pé tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ òkè la sì ń gbé, níbi tí agbára afẹ́fẹ́ ti dín díẹ̀ sí ti etí òkun Èkó. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kẹ́ ẹ má retí ju mítà 7 tàbí 8 lọ.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ̀rọ tó ń fa omi geere lóṣù Kẹsàn-án, tó wá ń dún lásán lóṣù Kejì, ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́ rárá. Omi ló jìnnà sí i. Ẹ má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni pé kó tú u. Ẹ so òkúta mímọ́ kan mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi wọ omi, kẹ́ ẹ wá fà á jáde. Ẹ wọn okùn náà láti ibi tó bá ẹnu ẹ̀rọ dọ́gba dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ohun tí ẹ bá rí ni yóò sọ fún yín bóyá ẹ̀rọ orí ilẹ̀ ṣì tó, àbí sùmó ni kànga yín ń fẹ́.

Sùmó ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti ń ti omi gòkè, nítorí náà jíjìn omi kì í dá a dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ní ohun tó ń bẹ̀rù. Omi tó yí i ká ló ń mú ara rẹ̀ tutù. Bí omi bá tán, tó sì ń yí lọ ní gbígbẹ, ooru ara rẹ̀ ni yóò pa á. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e ka orí ilẹ̀ kànga nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kó fi nǹkan bíi mítà mélòó kan ga sí ìsàlẹ̀, torí pé ẹrẹ̀ àti iyanrìn tó wà níbẹ̀ ni yóò máa jẹ abẹ inú rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé omi ti fẹ́ tán? Ẹ tẹ́tí sí ẹnu páìpù tó ń da omi sínú tánkì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, tó ń tu afẹ́fẹ́, tàbí tí omi rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀ lójijì, ẹ pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kànga sinmi fún wákàtí mélòó kan, kí omi lè sun jọ. Lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀, ká fa díẹ̀ láàárọ̀, ká tún fa díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sàn ju ká fẹ́ kún tánkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan sì wà tí oníṣẹ́ iná lè so mọ́ sùmó, tó ń pa á fúnra rẹ̀ bí omi bá lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀, kó fi sí i.

Omi nìyẹn. Ó kan iná.

Fóòtì 230 ni iná tó yẹ kó wọlé wa. Ṣùgbọ́n lálẹ́, tí gbogbo àdúgbò bá jọ tan iná, ẹ ó rí i tí gílóòbù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí fáànù á máa wọ́. Iná ti rẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ omi ò mọ̀ pé ó rẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló fẹ́ ṣe, nítorí náà á máa fa iná púpọ̀ sí i gba inú wáyà rẹ̀ kọjá. Ara rẹ̀ á gbóná. Ohun tí wọ́n fi kun wáyà inú rẹ̀ á yọ́, wáyà á fara kan wáyà, ẹ̀rọ á jóná. Ẹ ra ohun kékeré tó ń fi iye fóòtì hàn, kẹ́ ẹ ní kí oníṣẹ́ iná kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣíwíìṣì. Bó bá ti wálẹ̀ ju 200 lọ, ẹ má tan ẹ̀rọ omi. Ẹ dúró di òru tàbí ìdájí, nígbà tí iná bá gbé orí sókè.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀sì kan, nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 750 ni agbára rẹ̀. Àmọ́ lásìkò tó bá fẹ́ gbéra, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀ kò lè gbé e. Ohun tó lè gbé gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n lè má gbé sùmó.

Bí ẹ bá tan sùmó tó ń kùn, tí omi kò sì jáde, ẹ pa á kíákíá. Nínú àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri fún un, ohun róbótó kan wà tó ń jẹ́ kapásítọ̀. Òun ló ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti gbéra. Bó bá ti wú, tàbí tó ti sun omi, ó ti kú nìyẹn. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí owó sùmó tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án fúnra yín o. Kapásítọ̀ ń tọ́jú iná sínú kódà lẹ́yìn tí a bá ti pa ṣíwíìṣì. Oníṣẹ́ iná ni kẹ́ ẹ pè.

Ẹ̀yin tó ń fi sólà fa omi, ọyẹ́ máa ń da eruku sórí páńẹ́lì yín. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dé pẹ̀lú àrá, gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ omi, ẹ já bréékà rẹ̀ sílẹ̀ títí àrá á fi kásẹ̀ nílẹ̀.

A ti sọ omi, a ti sọ iná. Ó ku páìpù.

Ní ìdí páìpù ẹ̀rọ orí ilẹ̀, lọ́hùn-ún nínú omi, ohun kan wà tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní fúùtù-fáàfù. Ó ní asẹ́ tí kì í jẹ́ kí ewé wọlé. Ó ní ìlẹ̀kùn kékeré kan tó ń ṣí fún omi láti gòkè, tó sì ń pa dé kí omi má bàa padà. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá há sẹ́nu ìlẹ̀kùn yẹn, omi inú páìpù á jò padà sínú kànga. Nígbà tí ẹ bá tún tan ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ló máa bá nínú páìpù, á kàn máa dún ni.

Báwo la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ó rọrùn. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ já bréékà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà lórí ẹ̀rọ, níbi tí a ti ń rọ omi sí i. Ẹ rọ omi kún un dé ẹnu, kẹ́ ẹ dúró tì í fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi bá dúró síbi tí ẹ fi í sí, fúùtù-fáàfù yín dára. Bí omi bá ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fúùtù-fáàfù ń jò, tàbí kí oríkèé páìpù kan máa jò. Ẹ fa páìpù jáde, ẹ fọ asẹ́ rẹ̀, ẹ yọ ìdọ̀tí inú ìlẹ̀kùn. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún fiyè sí èyí. Ibi tí omi ti ń jò jáde, ojú á rí i. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ojú ò rí i. Láti kànga dé ẹ̀rọ, fífà ni páìpù ń fà, nítorí náà ihò tó bá wà níbẹ̀ kò ní da omi síta, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbà wọlé. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ìhó ọṣẹ ra oríkèé páìpù kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìhó bá ti ń fà wọlé, ibẹ̀ gan-an lẹ ń wá.

Ti sùmó, ohun méjì ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ló fi so ó kọ́? Wáyà iná kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó gbé e ró. Okùn tó nípọn, tí omi kì í tètè jẹ, ni kó fi so ó. Bí okùn bá já, tí sùmó jábọ́ sínú bọ́hóòlù, ó lè ba bọ́hóòlù náà jẹ́ pátápátá. Ìkejì, báwo ló ṣe so wáyà tó máa wọ inú omi? Sẹ́lótéèpù lásán kò tó. Ohun tí omi ò lè gbà wọlé ni kó fi bo ojú ìsopọ̀ yẹn, torí pé omi tó bá wọ ibẹ̀ lè ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì lè gbé iná sínú omi tí a ń lò.

Ẹ̀yin ará mi, ìtọ́jú ẹ̀rọ láìtọ́jú kànga, iṣẹ́ ààbọ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí sòbìà, àrùn tí omi mímu tó dọ̀tí ń fà. Ẹ rántí bó ṣe ń so àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko, tí ọmọ kò ní lè rìn dé ilé ìwé. Ní nǹkan bí ọdún 1988, nígbà tí wọ́n lọ láti abúlé dé abúlé káàkiri Nàìjíríà láti ka àwọn tó ní in, iye wọn ju 650,000 lọ. Kí ló wá lé e lọ? Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi wà níbẹ̀. Kíkọ̀ fún ẹni tó ní egbò rẹ̀ láti wọnú omi mímu wà níbẹ̀. Kànga tó ní ọmọrí àti bọ́hóòlù wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2008, a kò rí ẹni tó ní in mọ́ ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó tọ́jú omi ló ṣẹ́gun yẹn fún wa. Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò.

Nítorí náà, kí ẹnu kànga ga ju ilẹ̀ lọ, kí ọ̀gbàrá má bàa wọlé. Kí ọmọrí rẹ̀ pa dé dáadáa, pàápàá jù lọ nítorí àwọn ọmọdé. Kí ṣaláńgá àti sókàwéè jìnnà sí i, ó kéré tán mítà 30. Lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni bá sì tún ẹ̀rọ inú kànga ṣe, omi náà ti dọ̀tí nìyẹn. Ẹ bi àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ yín léèrè bí a ṣe ń fi klórínì fọ kànga, àti iye tó yẹ kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ tó padà máa mu ún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì mú. Ẹ má ṣe sọ jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ń lo epo kalẹ̀ sínú kànga láé. Èéfín rẹ̀ ní majèlé kan tí kò ní òórùn, tí ojú kì í rí, kíá ló sì ń pa èèyàn. Kànga tó jìn tiẹ̀ lè má ní afẹ́fẹ́ tó tó mí nínú, bí kò bá tilẹ̀ sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá dákú sínú kànga, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Báyìí ni ẹnìkan ṣe ń kú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ yọ ọ́ á tún kú lé e. Ẹ ké sí àwọn tó ní ohun èlò ìdóòlà. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kó ọ̀rọ̀ jọ. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ẹ bi ara yín léèrè lẹ́sẹẹsẹ. Ṣé omi wà níbi tí ẹ̀rọ lè dé? Ṣé iná tó ń wọlé tó? Ṣé páìpù àti fúùtù-fáàfù kò jò? Omi, iná, páìpù. Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó pe púlọ́ńbà, òye á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò tà á ní ohun tí kò nílò. Bí púlọ́ńbà bá sì sọ pé ẹ̀rọ ti jóná, ẹ ní kó fi ohun tó jóná hàn yín, kó sì sọ ohun tó jó o.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ ṣí kànga yín, ẹ sọ okùn kalẹ̀, ẹ wọn ún. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ náà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíwíìṣì. Ẹ tún un ṣe lóṣù tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e. Bọ́dún bá fi yípo, ògiri yẹn á ti máa sọ ìgbà tí kànga yín ń kún àti ìgbà tó ń gbẹ fún yín, ẹ ò sì ní pa ẹ̀rọ yín nítorí àìmọ̀ mọ́.

Omi ilé wa kò ní gbẹ, àìsàn inú omi kò sì ní bá wa gbé o.